Ọ̀gá Abọ́dúndé àti Àtẹ́wọ́ Mẹ́ta

Ọ̀gbẹ́ni Jethro Abọ́dúndé kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ sọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ìtàn yìí bá gbóná tán, ẹ lè rò pé ọ̀tá mi ni. Kò jalè, kò gba rìbá, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní ọjọ́ Àìkú. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó dá a lójú pé nígbà tí Ọlọ́run ń pín èdè Gẹ̀ẹ́sì fún aráyé, òun ló dúró síwájú pátápátá nínú ìlà.

Ní ọdún 1976 tí mò ń sọ yìí, òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ní Sùúrùlérè. Òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ orúkọ oníkẹ̀kẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì so páànù kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ gígùn ń wá ní irú ibẹ̀? Ẹ bi Ọ̀gá Abọ́dúndé.

Láràárọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn méjèèjì bí ẹni pé ìyàwó tuntun ló ń bọ̀. Bàbá Ṣàíbù, mẹ́sẹ́ńjà tó ju ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí, ni yóò gba báàgì. Ẹlòmíràn yóò gba fìlà. Tìrìmísíyù, akọ̀wé tó ga jù, kì í gba nǹkan kan, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wo ojú ọ̀gá, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì wí pé, “Ọ̀gá, ara yín tún le ju ti àná lọ.” Lọ́jọ́ kan tí ibà dá ọ̀gá wó, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wọlé, ohun tó sọ náà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ńlá. Ọ̀gá yóò kó gbogbo wọn jọ, yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan lórí bí a ṣe ń so páànù mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kún fún àkànlò èdè òyìnbó bí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ṣe ń kún fún ata. Tìrìmísíyù ló dá àṣà kan sílẹ̀ níbẹ̀: bí àkànlò kan bá ti jáde lẹ́nu ọ̀gá, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò dìde, wọn yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pá, pá, pá, wọn yóò sì jókòó. Ọkùnrin kan tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré gba kúẹ́rì. Èmi fúnra mi rí kúẹ́rì náà.

Níbo ni ọ̀gá ti kó àwọn àkànlò yìí? Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe akọ̀wé lábẹ́ òyìnbó kan ní Yaba. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fáànù ń kù lókè orí rẹ̀, táípù ń dún lápá ọ̀tún. Bí òyìnbó bá ń bá àlejò rẹ̀ fọ̀ nínú yàrá, Abọ́dúndé á na etí. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ààbọ̀, ó sì ń fi orí ara rẹ̀ parí ìyókù. Kò rí wọn nínú ìwé rí. Kò sì ronú pé ó yẹ kí òun wò ó nínú ìwé, ẹni tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni èdè.

Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó bá ń sọ pé oore kan fi ara pamọ́ bí ìyà, tí wọ́n pè é ní “blessing in disguise”, ohun tí Abọ́dúndé mú dé ilé ni “blessing in the skies”, ìbùkún tó wà lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá ní èèyàn ń ṣe wàhálà kí owó oṣù lè tó o dé ìparí oṣù, pé ó ń gbìyànjú láti “make ends meet”, Abọ́dúndé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa, gbọ́ “make hens meet”, kí àwọn adìyẹ pàdé. Ó ní ìtumọ̀ fún un pẹ̀lú. Ó ní adìyẹ tí kò bá pàdé ara wọn, níbo ni ẹyin yóò ti wá? Ẹni tí wọ́n bá sì fojú tín-ín-rín, tí òyìnbó ní wọ́n “take for granted”, lẹ́nu Abọ́dúndé, wọ́n ti “take” ẹni náà “for granite” nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ di òkúta. Kí n má parọ́, àwọn kan nínú wọn dùn ju ti àwọn tó ni èdè lọ.

Ẹ óò bi mí pé báwo ni irú ọkùnrin báyìí ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí oyè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín. Edith Ògúntádé ni ìdáhùn.

Edith ni táípísì. Ọmọ tíṣà ni, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń lọ, Ìwáyà ni ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀ tí ó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Owó iṣẹ́ Edith ni ìyá, bàbá àti àbúrò méjì ń jẹ. Ọdún márùn-ún ló fi ń tẹ lẹ́tà tí ọ̀gá bá pè fún un. Bí ọ̀gá bá pe “hens”, Edith á tẹ “ends”. Bí ó bá rán ìbùkún lọ sójú ọ̀run, Edith á rọra fà á wá sílẹ̀. Ọ̀gá kì í ka lẹ́tà kó tó fọwọ́ sí i, nítorí kí ni yóò kà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun fúnra rẹ̀? Edith kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí iyán bá lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n àgbàlagbà, a kì í pariwo, ńṣe là ń fi ọgbọ́n bá a nù ún.

Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún náà, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni Edith. Lọ́dún yẹn ni àṣẹ jáde pé òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ó lè di òṣìṣẹ́ gidi kí oṣù Kejìlá tó parí, kí ó máa lọ sílé. Fọ́ọ̀mù Edith ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá Abọ́dúndé láti oṣù Kẹjọ. Ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló kù.

Nínú oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà dé láti Èkó. Àwa ará òdìkejì afárá, Erékùṣù là ń pè ní Èkó, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbààgbà iṣẹ́ ìjọba wà. Ìyáàfin Ethel Àkàngbé, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló kọ ọ́. Ó ní inú àwọn dùn sí lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ gaara, pé orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Èkó láti di igbákejì akọ̀wé àgbà, pé Kọmíṣọ́nà fúnra rẹ̀ yóò wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí gbọ̀ngàn tuntun. Ó wá fi kún un pé ibi tó wu àwọn jù nínú lẹ́tà rẹ̀ tó kẹ́yìn ni ibi tó ti pe òjò ọdún yẹn ní “a blessing in disguise”.

Ọ̀gá ń ka lẹ́tà náà sókè fún Tìrìmísíyù, ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró.

Ó ní, “Kí nìyí? Tìrìmísíyù, ta ló sọ báyìí?”

Tìrìmísíyù yẹ ìwé náà wò. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, Shakirat, ti kọ́ táípù tán, ó sì ti tó ọdún kan tó ti ń wá àga tí yóò jókòó lé. Ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀gá, ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ n gbé fáìlì wá.”

Ó gbé fáìlì wá. Inú kọ́pì káńbọ̀n tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ ni ọ̀gá ti rí gbogbo ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Àwọn adìyẹ rẹ̀ ti fò lọ. Òkúta rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Ojú ọ̀run ti ṣófo. Mo gbọ́ pé omi lé ròrò sójú rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, nítorí kò sí ohun tó ń dunni tó kí wọ́n tún èèyàn ṣe láìsọ fún un.

Wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀gá wọ kóòtù, nínú ooru. Edith dúró láàrin yàrá.

Ọ̀gá wí pé, “Mísì Ògúntádé, lójú gbogbo àwọn tó wà níbí, mo bi ọ́. Ta ló fún ọ láṣẹ láti yọ ìbùkún mi kúrò lójú sánmà?”

“Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé mo fi ń ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Ìrànlọ́wọ́! Níbo ni ìbùkún ti ń wá? Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni?” Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. “Ẹ̀yin Kristẹni, ẹ̀yin Mùsùlùmí, níbo ni ìbùkún ti ń wá?”

Gbogbo wọn dáhùn pé ojú ọ̀run ni. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ? Bàbá Ṣàíbù tilẹ̀ tọ́ka sókè kí ó lè dá gbogbo èèyàn lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: láti òní lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde, bó ṣe jáde gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá yí lẹ́tà kan padà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó buwọ́ lù ú, ó fi òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló mú fọ́ọ̀mù Edith kúrò lórí tábìlì, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀ títí di ìparí ọdún.

Edith gbọ́ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ṣíṣí gbọ̀ngàn, ọ̀gá pe ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ fún un, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jáde. Ojú ń tì í bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tó ń jáde nílé láìde okùn ṣòkòtò. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ di ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà fún àlejò, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ọ kí a tó lọ̀ ọ́. Màá kà á sí i létí. Kò ní gbà tó ọ̀sẹ̀ kan.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Bàbá rẹ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní A, B, D? Mísì Ògúntádé, lọ lọ̀ ọ́.”

Ó ti ṣe tirẹ̀. Ó lọ lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Kọmíṣọ́nà jókòó síwájú, Ìyáàfin Àkàngbé wà lápá òsì rẹ̀, àlejò kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ kà á. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ kí Ọ̀gá Abọ́dúndé sọ ọ́ tán wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn àlejò ì bá ti sùn gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀gá ì bá sì ti wà ní Èkó títí dòní.

Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kàndínlógún wà lẹ́yìn, wọ́n sì ti kọ́ wọn.

Ọ̀gá wí pé, “Your Excellency, in this hard time every family is struggling to make hens meet.”

Àwọn òṣìṣẹ́ dìde. Pá, pá, pá. Wọ́n jókòó.

Kọmíṣọ́nà ta gìrì. Ó yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò láti mọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó wọ awò ojú. Ó fi ìka sí ìlà náà, ó kà á, ó tún un kà, ó wá fi ìka kan náà han Ìyáàfin Àkàngbé.

“But the bicycle owner has been taken for granite!”

Pá, pá, pá. Báyìí, gbogbo àlejò ti ń ṣí ìwé. Bí àtẹ́wọ́ bá ti dún, wọ́n á wá ibẹ̀ kàn. Kò sí àṣìṣe kan tó pa mọ́ fún wọn, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ń dìde pàtẹ́wọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn. Ọ̀gá rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára, ó sì tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó dé ibi tó ti ní bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, òun kò ní jẹ́ “escape goat” ẹnikẹ́ni, ewúrẹ́ tó sá lọ, dípò “scapegoat”, ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù, ẹnìkan lẹ́yìn ké mèé. Kọmíṣọ́nà bọ́ awò ojú, ó ń nu omi ojú. Ìyáàfin Àkàngbé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sọ òótọ́ fún ọ̀gá, pé àṣìṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, òtítọ́ tí ì bá ti gbọ́ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn bí kì í bá ṣe pé Edith ń bò ó. Kí ló ṣe? Ó kọ kúẹ́rì sí Edith. Ó ní ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ìsọkúsọ sínú ọ̀rọ̀ òun láti ba òun lórúkọ jẹ́. Ó rán ẹ̀dà lọ sí Èkó, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Edith gbé kúẹ́rì náà lọ sílé, ó kà á fún bàbá rẹ̀.  Bàbá ní, “Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ débi tí o fi mọ̀ ọ́n.” Edith sunkún.

Lọ́jọ́bọ̀ ni Ìyáàfin Àkàngbé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Sùúrùlérè. Ó tẹ́ lẹ́tà ọdún márùn-ún sórí tábìlì, ó gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ gbọ̀ngàn tì í.

“Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, ta ló ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wọ̀nyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ọ̀rọ̀ ọjọ́ gbọ̀ngàn ń kọ́?”

“Táípísì ni, mà. Ó yí i padà.”

“Ṣé ẹ ní ẹ̀rí?”

Ọ̀gá tọ́ka sí Tìrìmísíyù. Tìrìmísíyù bọ́ síwájú, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ọkàn rẹ̀ ni pé òun fẹ́ gba ọ̀gá là. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti fi ogún ọdún kọ́ ìyìn, kò mọ ohun mìíràn án sọ mọ́.

Ó ní, “Mà, kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ọ̀gá wa. Èmi ni mo dá àtẹ́wọ́ mẹ́ta sílẹ̀.”

“Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á?”

“Ó ti tó ọdún mẹ́rin, mà. Gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo ní ìwé rẹ̀.”

Ó lọ gbé e wá. Ìwé mẹ́ta ni, wọ́n fi bébà aláwọ̀ búlúù bò wọ́n. Déètì wà níbẹ̀, àkànlò tí ọ̀gá sọ wà níbẹ̀, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Ìbùkún ojú sánmà nìkan jáde nígbà mọ́kànlélógójì. Bó ṣe ń ka wọ́n jáde ni ohùn rẹ̀ ń ròkè, ó tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí àwọn tó dùn mọ́ ọn jù. Ìgbà tó ṣí ìwé kẹta ló rí ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé.

Ìyáàfin Àkàngbé wo àṣẹ tó wà lára ògiri, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù. Kò pariwo. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé kò ní lọ sí Èkó mọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, yóò máa bójú tó ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé sí. Kò sí táípísì níbẹ̀, kò sì sí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ń kọ. Ó wá yíjú sí Edith.

“Ọmọ mi, kúẹ́rì yẹn ti kú. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ, èmi ò lè bá ọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá rẹ láti ẹ̀yìn wá ni òfin mọ̀, òun náà ló sì jẹ́ ọ̀gá rẹ títí di ọ̀la.”

Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn láàárọ̀. Wọ́n ní Tìrìmísíyù ti lọ mọ ilé ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ gòkè, ó jókòó, ó pe Edith kó wá tẹ ìwé tí òun yóò fi gbé iṣẹ́ lélẹ̀ fún ọ̀gá tuntun. Edith jókòó sídìí táípù. Dúrọ́ọ̀ wà níbi tó wà, títì pa.

Ọ̀gá ń pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní òun kò di ẹnikẹ́ni sínú. Ó ní gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, “is now water under the fridge.”

Táípù dúró.

Edith kò gbé ojú sókè. “Sà, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde?”

Ọ̀gá wò ó pẹ́. Níta, ẹnìkan ń dán agogo kẹ̀kẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, pé, “Kí ni àwọn òyìnbó ń sọ níbẹ̀?”

“Afárá ni wọ́n ń sọ, sà. Omi tó ti ṣàn gba abẹ́ afárá kọjá. Kò lè padà mọ́.”

Ọ̀gá ronú sí i. “Omi abẹ́ fìríìjì ilé mi náà kì í padà,” ó wí. “Ìyàwó mi ló máa ń nù ún.”

“Òótọ́ ni, sà.”

“Tèmi yé èèyàn ju tiwọn lọ.”

“Ó yé èèyàn dáadáa, sà.”

 Ọ̀gá wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì fa fọ́ọ̀mù náà jáde. Ó fọwọ́ sí i ní ibi tó yẹ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kó lè gbẹ, ó wá tì í kọjá sórí tábìlì.

Ó ní, “Fi afárá sí i.”